Níbo Ni Àwọn Àgbà Wọn Wà?

Ìbéèrè kan wà tí mo máa ń rí nígbàkigbà tí ọ̀rọ̀ àwọn transgender bá délẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá bi í á fi ẹ̀rín méjì mẹ́ta sí i nídìí, bíi pé ẹjọ́ ti parí nìyẹn. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní wọ́n ti wà láti ọjọ́ tó ti pẹ́, níbo ni àwọn àgbà wọn wà? Ta ló ti rí ìyá arúgbó kan ní Ìkọ̀lé, ní Ọ̀yẹ́ tàbí ní Ìdó tí wọ́n bí ní ọkùnrin?" Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá dé e ládé: fóònù ló kọ́ àwọn ọmọ yìí, òyìnbó ló kó o wá, Èkìtì Kete ò mọ irú ẹ̀.

Mo fẹ́ dáhùn, torí ìbéèrè gidi ni. Àwọn tó ń gbèjà àwọn transgender pàápàá kì í fẹ́ dáhùn rẹ̀. Wọ́n á kàn pe ẹni tó bi í ní aláìmọ̀kan, wọ́n á sì bá tiwọn lọ. Èébú kì í ṣe ìdáhùn. Tèmi rèé: a kì í rí àwọn àgbà wọn nítorí pé àgbà gan-an ni ohun tí a ò jẹ́ kí wọ́n dà. Àwa la tilẹ̀kùn mọ́ wọn síta, àwa náà la tún ń béèrè pé kí ló dé tí yàrá fi ṣófo.

Ká kọ́kọ́ fẹnu kò lórí ẹni tí à ń sọ. Obìnrin transgender ni ẹni tí agbẹ̀bí wò lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, tó ní "ọkùnrin ni," tí òun fúnra rẹ̀ sì mọ̀ bó ṣe ń dàgbà pé obìnrin lòun. Ẹni tó ń fẹ́ kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà dá lé, aṣọ nìkan sì kọ́. Yorùbá ò tíì ní orúkọ kan tí gbogbo wa jọ gbà fún un, àfi àwọn tó jẹ́ èébú. Ìdí nìyẹn tí mo fi lo tòyìnbó.

Ó wá kan àgbà. Ọdún nìkan kọ́ ló ń sọ èèyàn di àgbà ní ilẹ̀ wa. Igi ìrókò náà ní ọdún lára. Ẹnu àwọn ẹlòmíì ló ń sọ èèyàn di àgbà.

Àwọn tó ń fi he àti she jà níbòmíì, ìjà tiwọn nìyẹn. Èdè Yorùbá ti parí ìjà yẹn kó tó bẹ̀rẹ̀: ó wá, ó lọ, ó jẹun, ì báà jẹ́ ọkùnrin, ì báà jẹ́ obìnrin. Mo ti rí àwọn èèyàn tó ń fi èyí yangàn pé èdè wa ti gba gbogbo èèyàn mọ́ra tipẹ́tipẹ́. Mi ò bá wọn yangàn. Yorùbá ò fi akọ àti abo sínú "ó", orúnkún ló fi í sí. Láàárọ̀ kùtù, kó o tó la ẹnu, wọ́n ti mọ ohun tí wọ́n kà ọ́ sí: ṣé o dọ̀bálẹ̀ ni, àbí o kúnlẹ̀? Ọmọ ọdún mẹ́rin ti mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀. Bí ọmọkùnrin bá lọ kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ̀ àgbà, ilé á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Tó bá tún un ṣe, ẹ̀rín á tán.

Ìgbà ọmọdé nìyẹn o. Tí èèyàn bá wá dàgbà, ọwọ́ ẹlòmíì ni gbogbo ẹ̀ bọ́ sí. Kò ní fi bẹ́ẹ̀ kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Àwọn ọmọ ló kù tó ń kí i. Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ bàbá. Ẹ kú ìjókòó ìyá. Ìgbà ogún ni wọ́n á kí i kí ilẹ̀ tó ṣú, ìgbà ogún náà ni wọ́n á sọ ohun tó jẹ́ fún un. Ọmọdé lè yọ́ kẹ́lẹ́ kúnlẹ̀ sẹ́yìnkùlé níbi tí ẹnì kankan ò ti rí i. Àgbà ò lè kí ara rẹ̀.

Ẹ bá mi ka ọjọ́ kan pẹ̀lú obìnrin transgender kan tó jẹ́ ẹni ọdún 63. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó ni mò ń tọ́ka sí o, kí ẹnikẹ́ni má lọ máa wá a kiri Ìkọ̀lé. Mo kàn fẹ́ ká rí ibi tí bàtà ti ń ta èèyàn lẹ́sẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ó kúrò nílé bó ṣe kù díẹ̀ kó pé ogún ọdún, ó lọ sí Èkó, torí Èkó kì í béèrè ọmọ ta ni ọ́. Ó kọ́ iṣẹ́ télọ̀. Ó gba yàrá kan ní Mushin, àwọn ará ilé ń pè é ní Àǹtí Télọ̀, àwọn kan mọ̀, àwọn kan ò mọ̀, àwọn tó mọ̀ ò sọ nǹkan kan níwọ̀n ìgbà tí aṣọ wọn bá ti jáde kí ọdún tó dé. Ó fi ogójì ọdún gbé bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ayé ìdẹ̀ra, ṣùgbọ́n ayé ni.

Ojú wá ń ṣú, abẹ́rẹ́ ò ṣeé fi òwú sí mọ́, orúnkún ń dunni, owó ilé sì ń fò sókè. Kí ni ọmọ Èkìtì máa ń ṣe tó bá di irú àsìkò yẹn? Ilé ló ń lọ. Ẹ lọ wo Ìkọ̀lé, ẹ wo Ìlúpéjú, ẹ wo Ìdó: àwọn tó ti fẹ̀yìn tì ní Èkó àti Ìbàdàn ló ń padà wá sínú ilé bàbá wọn, tí wọ́n ń gbin iṣu díẹ̀, tí wọ́n ń jókòó níwájú ilé ní ìrọ̀lẹ́. Orí èyí ni gbogbo ètò ọjọ́ ogbó wa dá lé. Ìjọba ò ní ohun kan tó lè rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí ìjọba Èkìtì bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn àgbà tó ti lé ní ọdún 65 ní ₦5,000 lóṣooṣù ní ọdún 2011, inú àwọn èèyàn dùn, ó sì yẹ kó dùn, ṣùgbọ́n ₦5,000 kò lè gbé èèyàn dìde lórí ibùsùn. Ẹbí ló ń gbéni dìde.

Nítorí náà, Àǹtí Télọ̀ á lọ sílé. Báwo ló ṣe máa lọ? Á di gèlè, bùbá, ìró àti yẹtí ogójì ọdún sínú báàgì Ghana-Must-Go, á gbé e fún ọ̀rẹ́ tàbí kó jù ú nù. Á gé irun. Nígbà tí ọkọ̀ bá dé oríta Ìfàkì, níbi tí ọ̀nà Ìdó ti yà kúrò lára ọ̀nà Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé, bàbá kan tó wọ ṣòkòtò ni yóò sọ̀ kalẹ̀ lọ ra ẹ̀pà níbẹ̀. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á dọ̀bálẹ̀ fún un nílé: "Ẹ káàbọ̀ bàbá. Ẹ kú àtijọ́ o." Wọn ò ṣe é níkà. Wọ́n ń ṣe dáadáa sí ẹnì kan tí kò sí níbẹ̀ ni.

Láti ọjọ́ yẹn lọ, nǹkan kéékèèké ni. Tó bá lọ ra tàtàṣé lọ́jà, obìnrin tó ń tà á á bi í pé, "Bàbá, ìyá ńkọ́, tẹ́ ẹ fi ń ra ata fúnra yín?" Tí ìnáwó bá dé, tí wọ́n bá pín aṣọ ẹbí, gèlè á kọjá lójú rẹ̀, fìlà ni wọ́n á kó lé e lọ́wọ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun, apá ọkùnrin ló máa jókòó sí. Ní mọ́sálásí, iwájú lọ́dọ̀ àwọn ọkùnrin. Àìsàn próstéètì, tó jẹ́ àìsàn àgbà, kò bìkítà ẹni tó o mọ ara rẹ̀ sí, ó lè dé bá a. Ilé ìwòsàn ńlá wà ní Ìdó, wọ́n lè tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n káàkiri Nàìjíríà, wọ́ọ̀dù méjì péré ló wà, ti ọkùnrin àti ti obìnrin. Ohun kan ṣoṣo tó kù fún un ni aṣọ tó ń ró lálẹ́. Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run, bàbá tó ró aṣọ nínú ilé kì í ṣe ohun ìyanu nílẹ̀ Yorùbá. Bó ṣe so ó nìkan ni àṣírí tó kù.

Kí ló ń rò lóru? Tó bá jẹ́ Mùsùlùmí, ó mọ̀ pé ọkùnrin ló ń wẹ òkú ọkùnrin, obìnrin ló ń wẹ òkú obìnrin. Àwọn tí yóò rí ara rẹ̀ gbẹ̀yìn, òun kọ́ ló yàn wọ́n. Tó bá jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, wọ́n á tẹ pátákó ìsìnkú, wọ́n á kọ "Bàbá wa" sí i gàdàgbà, wọ́n á lo fọ́tò tó yà nígbà tó ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, torí òun nìkan ni fọ́tò rẹ̀ tí wọ́n lè gbé jáde.

Nítorí náà, ìwọ tó ń béèrè, tó o bá gun ọ̀kadà kọjá níwájú ilé yẹn ní ìrọ̀lẹ́, kí lo máa rí? Bàbá kan tó jókòó ni. Wàá kí i, "Ẹ kú ìjókòó sà." Á dá ọ lóhùn. Wàá kọjá, wàá délé, wàá sì kọ ọ́ sórí fóònù pé kò sí àgbà wọn kankan ní Ìkọ̀lé.

Mo mọ ohun tí wọ́n máa sọ: pé ìtàn ni mò ń pa, pé àṣà wa ò fàyè gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó dáa, ká sọ̀rọ̀ àṣà. Bí ọba bá wàjà ní ọ̀pọ̀ ìlú Èkìtì, ọmọbìnrin rẹ̀ ni wọ́n máa ń fi ṣe adélé títí wọ́n á fi yan ọba tuntun. Adélé yìí á bọ́ aṣọ obìnrin sílẹ̀, á wọ agbádá, á dé fìlà, wọ́n á kó ìlẹ̀kẹ̀ àti ìrùkẹ̀rẹ̀ fún un. Kò gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Àwọn ìjòyè tó tó bàbá rẹ̀ á dọ̀bálẹ̀ gbalaja, wọ́n á ní, "Kábíyèsí!" Tí àwọn ọba bá ń ṣe ìpàdé, òun náà á lọ jókòó láàárín wọn. Àkúrẹ́ tó wà ní tòsí wa ṣe é: Ọmọba Adétutù Adésídà-Ojei ló wà lórí àga adélé láti 2013 títí di 2015, tòun ti agbádá. Kò sí ọmọ Èkìtì kan tó jáde pé wọ́n ń tan àwọn ọmọdé jẹ, pé ọmọbìnrin kì í jẹ́ ọkùnrin. Gbogbo wa mọ̀ pé ọmọbìnrin ni. Gbogbo wa sì ń pè é ní Kábíyèsí.

Ẹ kúrò ní ààfin, ẹ lọ síbi òrìṣà. Àwọn ọkùnrin tí Ṣàngó ń gùn máa ń di irun bí obìnrin, ìyàwó òrìṣà sì ni wọ́n ń pe ẹni tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá óṣù fún, ọkùnrin ni o, obìnrin ni o. J. Lorand Matory ti kọ odindi ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1994. Ní Kétu, nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ọkùnrin ló ń di oge obìnrin mọ́ra láti fi bọ̀wọ̀ fún àwọn ìyá. Níhìn-ín lọ́dọ̀ wa, nínú Ẹpà, ọkùnrin ló ń ru ère ìyá ọlọ́mọ tó wúwo bí nǹkan, tí wọ́n sì ń kí eégún náà bí ìyá.

Ẹ dákẹ́ ná, mi ò sọ pé transgender ni adélé. Mi ò sọ pé ẹlẹ́gùn Ṣàngó jẹ́ transgender. Àwọn kan máa ń sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń ba ẹjọ́ ara wọn jẹ́, torí adélé á padà sínú ìró rẹ̀ lọ́jọ́ tí ọba tuntun bá dé, ẹlẹ́gùn náà á lọ bá ìyàwó rẹ̀ nílé. Ohun tí mò ń sọ kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì le jù bẹ́ẹ̀ lọ: kò sí ìgbà kan tí àṣà Èkìtì sọ pé ara tí wọ́n bí èèyàn pẹ̀lú rẹ̀ nìkan ló gbọ́dọ̀ pinnu bí a ṣe ń kí i. A mọ̀ ọ́n ṣe. Nígbà tí ìlú bá nílò rẹ̀, à ń ṣe é, ẹnu kì í sì í wúwo.

Nítorí náà, nígbà tí ẹnì kan bá sọ fún mi pé, "Ṣé kí n wá máa purọ́, kí n máa pe ọkùnrin ní ìyá?" mo máa ń bi í pé ta ló ń pè ní ọkọ nílé wọn. Ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé á máa pe àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà tí eyín rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ká, ní ọkọ mi. Ṣé irọ́ nìyẹn? Ọmọ jòjòló ń jẹ́ Babátúndé, èkejì rẹ̀ ń jẹ́ Ìyábọ̀, màmá tó bí wọn á sì máa pe ọ̀kan ní bàbá mi, á pe ìkejì ní ìyá mi. Bàbá àgbà á máa fi ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin ṣeré, á ní "ìyàwó mi." Ìyá ìjọ, ìyá ọjà, ìyálóde: mélòó nínú àwọn tó ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bí? Orúkọ ẹbí kì í ṣe ìwé dókítà. Ipò tí èèyàn wà sí ọ ló ń sọ. Ó wá yani lẹ́nu pé ọ̀dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo yìí ni gbogbo wa ti ń di onímọ̀ sáyẹ́ǹsì.

Ohun tó ń bí wa nínú gan-an, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ síta. Adélé ń gòkè ni. Obìnrin tó wọ agbádá, ó ti gba ìgbéga, ohun ìwúrí ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n fún ní ọkùnrin, tí wọ́n fún ní ogún, tí wọ́n fún ní àga iwájú, tó wá ní òun ò fẹ́, pé lọ́dọ̀ àwọn obìnrin níbi ààrò lòun fẹ́ jókòó sí, ẹ̀gàn ló ṣe sí àwọn ọkùnrin, wọn ò sì dárí jì í. Ẹ rò ó síwájú díẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ìṣubú ni kí èèyàn di obìnrin, kí la wá rò nípa àwọn tí kò ṣubú, tí wọ́n bí níbẹ̀?

Ibì kan tún wà tí a ti gbà á láyè: ibi eré. Gbogbo wa la rẹ́rìn-ín sí òṣèré tí ayé mọ̀ sí Sisi Quadri, tó kú ní oṣù kẹta ọdún 2024. Ọkùnrin tó ní òun ò ṣe ju eré lọ, a sì gbà fún un. Sísí ló ń jẹ́ lẹ́nu wa títí wọ́n fi sin ín sí Ìwó. Ìjọba náà mọ ìyàtọ̀ yìí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2022, aṣòfin kan láti Bauchi gbé àbá wá sí ilé aṣojú-ṣòfin l'Ábújá pé kí ẹni tó bá wọ aṣọ tí kì í ṣe ti akọ tàbí abo tirẹ̀ fi ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà jura tàbí kó san ₦500,000. Àbá náà yọ àwọn òṣèré sílẹ̀. Ẹ rí i bí? A lè fi ṣeré, ẹni tó fẹ́ fi gbé ayé ló ṣẹ̀. Sáà ilé yẹn parí ní 2023, àbá náà ò sì di òfin.

Lórí òfin, mi ò ní pẹ́. Penal Code tí wọ́n ń lò ní ìhà àríwá Nàìjíríà ka ọkùnrin tó bá múra bí obìnrin ní gbangba mọ́ àwọn aláìníṣẹ́ tó ń rìn kiri. Òfin yẹn ò kan Èkìtì. Òfin tí Ààrẹ Jonathan fọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2014 dá lórí ìgbéyàwó láàárín ọkùnrin sí ọkùnrin àti obìnrin sí obìnrin, ọdún 14 ni ẹ̀wọ̀n rẹ̀, àti ẹgbẹ́ wọn àti fífi ìfẹ́ hàn ní gbangba, ọdún 10. Kò sọ nǹkan kan nípa ìyá ẹni ọdún 63 tó ró ìró. Ṣùgbọ́n ta ló ń ka òfin lójú títì? Human Rights Watch kọ ọ́ sínú ìròyìn wọn ní 2016 pé òfin yẹn ti di ohun tí àwọn ọlọ́pàá fi ń gbowó lọ́wọ́ èèyàn, tí àwọn jàǹdùkú sì fi ń luni. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, wọ́n bá òkú ẹni tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Area Mama lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ tó lọ láti Katampe sí Mabushi l'Ábújá. Ẹ padà lọ ka ohun tí àwọn èèyàn kọ sábẹ́ ìròyìn náà lọ́sẹ̀ yẹn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń rẹ́rìn-ín. Ẹni kan náà tó rẹ́rìn-ín yẹn ló máa bi ọ́ lọ́la pé níbo ni àwọn àgbà wọn wà.

"Ṣebí Bobrisky fúnra rẹ̀ sọ fún adájọ́ pé ọkùnrin lòun." Bẹ́ẹ̀ ni, ó sọ bẹ́ẹ̀, ní ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ékòó ní oṣù kẹrin ọdún 2024, lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ fi í sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà lórí ọ̀rọ̀ náírà tí wọ́n ń ná mọ́lẹ̀ lóde ìnáwó. Ohun tó bá sọ nípa ara rẹ̀, tirẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìdáhùn tí ẹnì kan fún adájọ́ tó ti mú kálámù dání kì í ṣe ẹ̀rí nípa gbogbo èèyàn. Èmi ò sì mọ ìdí tí ó fi jẹ́ pé ẹni tó lówó jù, tó pariwo jù, ni a máa ń fà yọ nígbàkigbà tí a bá fẹ́ ṣèdájọ́ lórí télọ̀ tí kò rí owó ilé san.

Níbi tí wọ́n ti jẹ́ kí wọ́n dàgbà, ṣé wọ́n dàgbà? Wọ́n dàgbà. Miss Major Griffin-Gracy, obìnrin transgender, adúláwọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, wà ní Stonewall ní New York ní 1969 nígbà tí àwọn èèyàn kọ̀ fún ọlọ́pàá. Wọ́n fi í sẹ́wọ̀n, ayé fìyà jẹ ẹ́, ó sì lo ọ̀pọ̀ ọdún nídìí ìrànwọ́ fún àwọn transgender tó wà lẹ́wọ̀n. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025 ló kú ní Arkansas, ní ẹni ọdún 78. Mama ni àwọn tó kéré sí i ń pè é, àwọn tí kò bí.

Ẹ má sọ fún mi pé ìlú ńlá nìkan ló lè ṣe é. Jan Morris tó kọ ìròyìn bí wọ́n ṣe gun òkè Everest ní 1953, tó lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ní Casablanca ní 1972, abúlé kan ní Wales tó ń jẹ́ Llanystumdwy ló gbé di arúgbó. Abúlé ni o, kò tó Ayédé. Ẹni tó ti bá a bímọ kí ó tó yí padà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ló dàgbà sí. Ẹni ọdún 94 ni nígbà tó kú ní 2020. Ó lówó, ó lókìkí, òyìnbó ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tẹ́ ẹ bi mi kì í ṣe ti owó. Ẹ ní bóyá irú wọn máa ń darúgbó ni. Mo ti dáhùn.

Ó ku ti ẹ̀sìn, torí mi ò lè kọ ohun kan sí àwọn ọmọ Èkìtì kí n má fọwọ́ kàn án. Ẹsẹ kan nínú Deutarónómì tó kọ̀ kí ọkùnrin wọ aṣọ obìnrin ni wọ́n máa ń gbé síwájú wa, àwọn àlùfáà tó wọ sútánà dé ilẹ̀ sì ni wọ́n sábà máa ń kà á sókè jù. (Ẹ fojú fo ìyẹn, eré ni mò ń ṣe. Díẹ̀.) Òfin kan náà yẹn lé ìwẹ̀fà jáde kúrò nínú ìjọ Olúwa. Àsọtẹ́lẹ̀ Àìsáyà wá padà mú ìwẹ̀fà wọlé, ó ṣèlérí orúkọ tó dára ju ti ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin lọ fún un. Nígbà tó di ti Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, ìwẹ̀fà ará Etiópíà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣèrìbọmi láti ilẹ̀ òkèèrè. Ìwẹ̀fà kì í ṣe transgender. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fi Bíbélì tilẹ̀kùn, kó kà á dé iwájú.

Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù ni ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kàwé ní FUOYE, tẹ́ ẹ ń háyà yàrá nínú ilé àwọn àgbà ní Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé. Ẹ̀yin lẹ̀ ń kí wọn láràárọ̀ ju àwọn ọmọ wọn tó wà l'Ékòó lọ. Mi ò ní kẹ́ ẹ máa fura sí gbogbo bàbá tó ń dá gbé, ẹ jọ̀ọ́, ìyẹn náà á tún di wàhálà mìíràn. Mi ò ní kẹ́ ẹ lọ máa wá ẹnikẹ́ni jáde. Ohun tí mò ń sọ ò ju pé, tí ẹnì kan tó ju ìyá yín lọ bá fi ẹ̀rù sọ fún yín lọ́jọ́ kan pé "mà" ni òun ń fẹ́, ẹ kí i ní mà. Kò ná yín ní náírà kan, ẹ ò ní sọ́ọ̀dá òfin Èkìtì kankan, àṣà tó ń pe ọmọ ọdún mẹ́fà ní ọkọ á sì gbé e. Kẹ́ ẹ má ya fídíò rẹ̀. Kẹ́ ẹ má sọ fún lándíláàdì.

Ẹni tó bá ní ìdáhùn mìíràn sí ìbéèrè àwọn àgbà yìí, tó yàtọ̀ sí tèmi, kó kọ ọ́ ránṣẹ́ síbí, kó fi orúkọ ìlú rẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ sọ fún wa, nínú ìlú yẹn, ibi tí obìnrin bẹ́ẹ̀ ì bá jókòó sí tó bá pé 70 ọdún, àti ẹni tí ì bá bá a gbé omi gbígbóná lọ sí balùwẹ̀.